Àgò Onílé: Ọ̀rọ̀ Lórí Fíìmù Fámpáyà Kan Láti Swídìn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú iṣẹ́ ojú, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàádọ́fà la fi tẹjú mọ́ ògiri yìí láìsí ẹni tó fọhùn. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà níwájú, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn torí pé àga ò tó, ẹ má bínú, n kò ní pẹ́. (Irọ́ ni mo pa, ma pẹ́ díẹ̀.)

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, mo fẹ́ kí a jọ ṣe nǹkan kan. Àgò onílé o!

(Àwọn èèyàn dáhùn: Àgò yà!)

Ẹ ṣeun. Ẹ má jẹ́ kó kúrò lẹ́nu yín, a máa tó lò ó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló kọ́kọ́ bá mi wo fíìmù yìí. Mo ti sọ fún un pé fíìmù ẹlẹ́rù ni, fíìmù fámpáyà, ìyẹn ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, tí oòrùn sì ń pa. Ó pa iná, ó gbé gúgúrú lé itan, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó yíjú sí mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀?" Mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Mo ní wọ́n ti pa èèyàn lójú ẹ̀, àbí kò rí i? Ó ní, "Ẹni tí wọ́n so kọ́ sórí igi yẹn? Ṣé bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn nínú fíìmù ẹlẹ́rù nìyẹn? Tí ajá funfun kan á wá jókòó síbẹ̀, tá á máa wò wọ́n?"

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rí ajá náà. Ọkùnrin àgbàlagbà kan so èèyàn kọ́ ní orí kodò nínú igbó, ó dú u, ó fi kẹ́ẹ̀gì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń gba epo. Ajá onírun kan tó mọ́ lóló jáde wá, ó jókòó, ó ń wò ó. Kò gbó, kò sá. Olówó ajá ń pè é lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkùnrin náà kó jìnnìjìnnì, ó gbàgbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ síbẹ̀, ó sá lọ. Lójú tèmi, ajá yẹn bani lẹ́rù ju eyín gbọọrọ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajá kọ́ ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí fíìmù náà ti wá.

Ọdún 2008 ló jáde. Orúkọ rẹ̀ lédè Swídìn ni Låt den rätte komma in, ìyẹn ni pé, jẹ́ kí ẹni tó yẹ kó wọlé ó wọlé. Tomas Alfredson ló darí rẹ̀. John Ajvide Lindqvist ló kọ ìwé ìtàn rẹ̀ ní 2004, òun náà ló sì sọ ọ́ di eré. Ọkùnrin yìí, kó tó di òǹkọ̀wé, idán ló ń pa, ó sì tún ń ṣe aláwàdà lórí ìtàgé. Onídán àti aláwàdà! Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ fara pa mọ́, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹnu dákẹ́. Blackeberg, níbi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní ẹ̀yìn ìlú Stockholm, ibẹ̀ lòun fúnra rẹ̀ dàgbà sí.

Irú ibo ni Blackeberg? Ẹ gbàgbé ilé ńlá orí òkè tí àdán ń fò yí ká. Ẹ gbàgbé Dracula, fámpáyà inú ìwé àtijọ́ un. Fúláàtì lásán ni, èyí tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn, tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ sì dé ibẹ̀ ní 1952. Ilé jọ ilé, fèrèsé jọ fèrèsé. Ní àárín wọn, pápá ìṣeré àwọn ọmọdé wà, irin ni wọ́n fi ṣe é, yìnyín sì bò ó. Stockholm kì í ní yìnyín tó dúró déédéé lọ́dọọdún, nítorí náà Luleå, lókè lọ́hùn-ún lápá àríwá, ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà. Níbẹ̀, nígbà òtútù, oòrùn á yọjú fún wákàtí díẹ̀, á sì padà lọ sùn. Ta ni ibi bẹ́ẹ̀ á tù lára bí kò ṣe ẹni tí oòrùn ń pa?

Ọdún 1982 la wà nínú ìtàn náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ní oṣù kẹwàá ọdún 1981, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi Soviet kan yọ́ wọ omi Swídìn, ó sì há sórí àpáta nítòsí ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Karlskrona. Gbogbo orílẹ̀-èdè náà ta gìrì. Àlejò ti wọlé, kò kí àgò! Àwọn àgbà inú fíìmù yìí ń gbọ́ rédíò, ojú wọn wà lọ́nà jíjìn réré, ibi tí ọ̀tá ti lè wá. Ọmọ wọn sì wà nínú ilé, igi ti wà lójú rẹ̀. Àwọn baba wa ní, bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ méjì náà.

Oskar, ọmọ ọdún méjìlá, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ikun ò gbẹ nímú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, bàbá rẹ̀ ń gbé lábúlé. Níléèwé, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Conny àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń fi í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, ó wà lójú fèrèsé lóru, ó mú ọ̀bẹ dání, ó ń sọ̀rọ̀ sí ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀. Ẹ fetí sí ohun tó ń sọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí i níléèwé ló ń tún sọ. Ó ń kọ́ bí òun náà ṣe máa di Conny. Ó tún ń gé ìròyìn ìpànìyàn láti inú ìwé ìròyìn, ó ń tọ́jú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni fámpáyà nínú ilé yẹn, kí fámpáyà tòótọ́ tó kó dé?

Eli, fámpáyà náà, kó dé lóru pẹ̀lú ọkùnrin àgbàlagbà un, ẹni tó ń bá a wá ẹ̀jẹ̀. Ó jáde sórí yìnyín láìwọ kóòtù, òtútù ò mú un. Ó ń rùn díẹ̀, Oskar sì sọ ọ́ sí i lójú, bí ọmọdé ṣe máa ń sọ nǹkan. Eli ti sọ fún un pé àwọn ò lè di ọ̀rẹ́. Kí ni Oskar ṣe? Ó yá a ní Rubik's cube. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọdé lọ́dún 1982, ẹ mọ ohun ìṣeré yẹn, ẹ mọ iye òru tí a fi ń yí i tí àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba. Nígbà tó máa fi di àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, Eli ti tò ó pé. Báyìí ni wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà yàrá wọn, wọ́n sì kọ́ àmì Morse, tí a fi ìró kúkúrú àti gígùn dípò lẹ́tà, wọ́n ń fi ìka kan ògiri sí ara wọn lóru. Ẹ mọ̀ ọ́n, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri tiwọn ò lanu, wọ́n kọ́ ọ lédè ni.

Kí n sọ nǹkan kan nípa Eli tó dùn mọ́ mi. Lina Leandersson ló ṣe Eli, ojú rẹ̀ lẹ rí, ṣùgbọ́n ohùn tí ẹ gbọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Elif Ceylan ló yá a lóhùn, ohùn tó nípọn díẹ̀, tí èèyàn ò lè sọ bóyá ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin. Eli sọ fún Oskar pé òun kì í ṣe ọmọbìnrin. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń là á gùn nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Èmi ò là á gùn. Ó wá, ó lọ, ó jókòó. Èdè Yorùbá ò béèrè bóyá ọkùnrin ni "ó" tàbí obìnrin, Oskar náà ò sì béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Eli bi í pé, ṣé wàá ṣì fẹ́ràn mi bí mi ò bá jẹ́ ọmọbìnrin? Ó rò ó díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn gan-an ni Eli ti gbìyànjú láti jẹ súìtì tí Oskar fún un, tí inú rẹ̀ ò gbà á, tó bì í. Kò fẹ́ jẹ ẹ́ o. Kó má ba à já ọmọ náà kulẹ̀ ló ṣe jẹ ẹ́.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, èyí tí mo torí rẹ̀ wá síbí.

Nínú ìtàn àwọn ará Yúróòpù, òfin kan wà pé fámpáyà kò lè wọ ilé onílé àfi bí wọ́n bá ní kó wọlé. Ó wà nínú ìwé Dracula ti 1897. Ọ̀pọ̀ fíìmù ti gbàgbé òfin náà, àwọn mìíràn sì ń lò ó bí ẹ̀tàn lásán, kí ẹni burúkú lè fi ẹnu dídùn rí ọ̀nà wọlé. Fíìmù yìí sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ó sọ ọ́ di ìwà ọmọlúàbí.

Ìyá ìyá mi ló tọ́ mi títí mo fi wọ ilé ìwé gíga. Kò sẹ́ni tó ń wọ pálọ̀ rẹ̀ láì kí àgò. Àbúrò màmá mi ló ń san owó ilé náà, òun gan-an á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ kú àgò o." Lọ́jọ́ kan, àlejò kan já wọlé, ó ti jókòó kó tó kí wa. Ìyá àgbà ò bínú, kò pariwo. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síta, ẹ tún un bọ̀." Ọkùnrin náà padà síta! Ó kí àgò, ìyá àgbà ní àgò yà, ó sì ní kí n lọ gbé omi tútù wá. Ìyá kan náà yìí ló máa ń kìlọ̀ fún wa pé, bí ẹnì kan bá pè yín lórúkọ lóru, ẹ má dáhùn ní ìpè àkọ́kọ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìkìlọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ìdáhùn ni ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá dáhùn ti ṣílẹ̀kùn.

Ẹ padà sí fíìmù wa. Lóru ọjọ́ kan, Eli dé ojú fèrèsé Oskar, ó ní kí Oskar sọ pé kí òun wọlé. Ojú oorun ni Oskar ti dáhùn. Eli wọlé, ó dùbúlẹ̀ ti ẹ̀yìn rẹ̀, ara rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Fèrèsé kejì ni ti ọsibítù. Ọkùnrin àgbàlagbà un, Håkan, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, ó ti da ásíìdì sí ojú ara rẹ̀ kí wọ́n má ba à dá a mọ̀ kí wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Eli. Eli gun ara ògiri dé ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ṣe máa ní àgò yà? Håkan yọ orí síta, ó na ọrùn fún un. Ilé ò gba Eli, ó fi ara rẹ̀ ṣe ilé.

Ilẹ̀kùn kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró tì. Eli wá sílé Oskar, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí Oskar ní kí òun wọlé. Oskar ti mọ irú ẹni tí Eli jẹ́ báyìí, inú ń bí i díẹ̀, ó sì fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fẹnu sọ ọ́. Ọwọ́ ló fi ń pè é, bí ẹni ń pe adìẹ. Ó bi í pé, ṣé nǹkan kan wà lójú ọ̀nà ni? Eli wò ó. Kò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbẹ́sẹ̀, ó wọlé, ó dúró. A ń retí kí ó bínú, kí ó yọ eyín. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ jáde lójú rẹ̀, lórí rẹ̀, ó rin ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ gbin-gbin, ó ṣì dúró, kò sọ̀rọ̀. Oskar ló kígbe pé wọlé, wọlé, o lè wọlé! Ó sì dì mọ́ ọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ohun tí Oskar ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Gbogbo ayé ló ń wọ inú Oskar láì kí àgò. Conny ń wọ inú àpò rẹ̀, ó ń fi pàṣán nà án lẹ́rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́, agbára wọ ọwọ́ tirẹ̀ náà, ẹni tó fẹ́ràn jù lọ ló sì kọ́kọ́ fi dán wò. Ìwà Conny ti wọ̀ ọ́ lára. Ohun tó kọ́ lójú fèrèsé ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ó ti yege nínú rẹ̀. Ẹ̀rù tó bà á nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀, mo rò pé ara rẹ̀ ló bà á lẹ́rù.

Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti wà níbẹ̀ rí. Iléèwé tí mo gbé nínú ọgbà rẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn sínịọ̀ máa ń já wọ yàrá wa lóru, wọ́n á ṣí lọ́kà wa, wọ́n á kó gàrí wa, wọ́n á ní kí a kúnlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Olùkọ́ tó ń bójú tó yàrá wa ń gbé nítòsí, iná rẹ̀ ń jó. Ṣé kò gbọ́ ni? Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, èmi náà di sínịọ̀. Ọmọ kékeré kan wà tó máa ń kan ilẹ̀kùn yàrá wa kó tó wọlé, ó máa ń ní "Ẹ kú àgò, Sínịọ̀." N kò fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe fún ọmọ náà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, kíá ni ma sọ ọ́. A ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà Blackeberg kún fún àgbà. Oskar ní òun ṣubú ni, ìyá rẹ̀ gbà á gbọ́. Bàbá rẹ̀ ń bá a ṣeré dáadáa lábúlé, títí ọ̀rẹ́ kan fi gbé ọtí dé, tí ojú bàbá náà sì yí kúrò lára ọmọ. Olùkọ́ eré ìdárayá rẹ̀, Ávila, ẹni rere ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Conny àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ pa Oskar nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, iná lásán ni wọ́n dá síta, olùkọ́ sáré lọ pa á. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ ìkà. Wọn ò kàn sí níbẹ̀ ni. Ibi tí wọn ò sí ni Eli gbà wọlé.

Èmi ò sì fẹ́ kí ẹ ṣì mí gbọ́. Eli ń pa èèyàn. Ó pa Jocke, ará àdúgbò kan, lábẹ́ afárá. Ó gé Virginia jẹ, obìnrin yẹn di ohun tí kò fẹ́ dì, ó ní kí wọ́n ṣí aṣọ ojú fèrèsé ọsibítù kí oòrùn wọlé, iná sì jó o pa. Lacke, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Jocke, tó tún fẹ́ràn Virginia, ló wá Eli dé fúláàtì rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Lacke ṣe? Ọ̀mùtí ni, aláìní ni, ẹni tí wọ́n kó èèyàn rẹ̀ méjì lọ ni. Bí fíìmù yìí bá ní ẹlẹ́jọ́ òdodo, Lacke ni. Oskar kígbe, Eli jí, ó fò mọ́ Lacke. Oskar padà sẹ́yìn, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Ó ti ilẹ̀kùn! Ọmọ tó kígbe pé wọlé, wọlé, òun náà ló ti ilẹ̀kùn kí ó má ba à rí i. Àwọn kan ní ìtàn ìfẹ́ ni fíìmù yìí, inú wọn á sì máa dùn. Mo máa ń bi wọ́n pé, ẹ gbọ́ ìró ilẹ̀kùn yẹn?

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún fíìmù náà ṣe ní 2010, Matt Reeves ló darí rẹ̀. Kò burú. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tó fi Eli tiwọn àti ọkùnrin àgbàlagbà hàn ní ìgbà tí ọkùnrin náà ṣì jẹ́ ọmọdé, kí ẹnikẹ́ni má ba à ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́: ọmọ yìí náà máa dàgbà, á máa gbé kẹ́ẹ̀gì. Ti Swídìn ò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi fẹ́ràn èyí tó dákẹ́. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, a ò ní nǹkan tí a máa gbé relé.

Ó ku adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ti orí Oskar bọ omi, wọ́n ní kí ó dúró síbẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí kí ojú rẹ̀ kan lọ. Hoyte van Hoytema, tó mú kámẹ́rà, kò gbé e kúrò lábẹ́ omi. Eli dé láti gbà á, ṣùgbọ́n a ò rí ìjà. Ẹsẹ̀ ẹnì kan gba ojú omi kọjá, orí ẹnì kan rọra rì, ọwọ́ tó di Oskar mú já kúrò lára olówó rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbé gúgúrú sílẹ̀. Kò bi mí mọ́ bóyá fíìmù ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń tàn lójú fèrèsé, Oskar jókòó, àpótí ńlá kan wà níwájú rẹ̀. Láti inú àpótí náà, ẹnì kan ń kàn án. Oskar fi ìka dá a lóhùn, ó kan lẹ́tà mẹ́rin ní àmì Morse, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Swídìn ń pe ìfẹnukonu kékeré. Ọ̀rọ̀ náà ò ní ìtúmọ̀ lójú ìwòran, ẹni tó bá gbọ́ Morse nìkan ló yé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí nígbà tí iná padà tàn pé, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló máa ṣí àpótí yẹn fún un bí ilẹ̀ bá ṣú?" Mo ní Oskar ni. Ó ní, "Bí Oskar bá wá di arúgbó ńkọ́?"

Mo ṣì ń wá èsì. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tàbí èsì, kó na ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kí àgò.